Ìwé ogun lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba: mo ra mẹ́rin, mo jà méjì

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí: ṣọ́ọ̀bù yìí ò lórúkọ. Kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, kò sí lórí Google Map, tẹ́ ẹ bá sì bi àwọn ọmọ agbèrò pé níbo ni wọ́n ti ń ta ìwé, ibi tí wọ́n ti ń ta past question JAMB ni wọ́n máa júwe fún yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, ẹ wọ abẹ́ bíríìjì, ẹ rìn kọjá àwọn tó ń ta bẹ́líìtì àti ṣájà fóònù, ẹ máa gbóòórùn bọ̀ọ̀lì tí ìyá kan ń sun, ẹ̀gbẹ́ ìyá yẹn gan-an ni. Tábìlì méjì, páálí mẹ́rin, tapólì búlúù kan, àti bàbá kan tó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì tó dojú ẹ̀ dé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn.

Ìwé tòkunbọ̀ ló ń tà, èyí tó o máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣà fúnra ẹ. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, ìwé àdúrà wà, ìwé bí èèyàn ṣe ń dolówó wá pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní (àwọn yẹn ló ń yá lọ́wọ́ ẹ̀ jù, ó ní tí kì í bá ṣe tiwọn ni, ebi ì bá ti pa òun). Ṣùgbọ́n ìwé ogun ló gbé èmi débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìtàn ogun bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súùtì ló ní kí n lọ, ó ní bàbá yẹn máa pa mí lẹ́rìn-ín, á sì gba owó mi. Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mi ò rí níbòmíì rí ni bó ṣe to àwọn ìwé ogun ẹ̀. Láwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ní ẹ́síì, wọ́n máa pín wọn sí ti Áfíríkà, ti Yúróòpù, ogun àgbáyé kìíní, ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ò ní tìyẹn. Páálí indómì mẹ́rin ló gbé kalẹ̀ sórí tábìlì, ó fi máákà kọ nǹkan sára ìkọ̀ọ̀kan. TÓ DÚRÓ JÙ. Ọ̀TÁ PỌ̀ JÙ. WỌ́N SỌ FÚN UN. KÒ PARÍ Ẹ̀. Mo ní Daddy, kí lèyí? Ó ní àṣìṣe àwọn olórí ogun nìyẹn, ó ní gbogbo ìwé ogun tóun ti kà látìgbà tóun ti ń ta ìwé, kò sí ẹni tó ṣàṣìṣe tí kò ní rí ibi bọ́ sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá ní tí mo bá rí ẹ̀karùn-ún kí n wá gba ìwé kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí, ẹnu ọ̀fẹ́ yẹn ni mo gbọ́, mo gbé bẹ́ǹṣì.

Ìjẹ̀ṣà ni Daddy. Kí n tó bi í ni mo ti mọ̀, Òṣómàáló tó kù láyé ni. Ìwé tí mo kọ́kọ́ mú, 2,500 ló pè é, mo ní kó yọ 500 níbẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, Napoleon tó lọ sí Mọ́síkò, kí ló rí yọ níbẹ̀? Ìwọ wá fẹ́ yọ 500 lára èmi." Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì sanwó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn o, ẹ̀rín ò ní tíì tán lẹ́nu ẹ tówó á ti kúrò lápò ẹ.

Inú TÓ DÚRÓ JÙ ni mo ti mú ìyẹn. Ó nípọn bíi búrẹ́dì Agége, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya àmọ́ inú ẹ̀ pé. June 1812 ni Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, kó àwọn ọmọ ogun tó lé ní 400,000 wọ Rọ́ṣíà. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń jà, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n sì ń ti iná bọ oko àti abà kí àwọn ará Faransé má baà rí nǹkan jẹ. September 14 ló wọ Mọ́síkò, ìlú ti dá páropáro, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí látìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, òtútù ni mo mọ̀ pé ó pa wọ́n. Daddy ní kí n ṣí ibi tóun ki ìyẹ́ adìẹ bọ̀ nínú ìwé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọ̀gá fi jókòó sínú ìlú tó ti jóná, ó ń retí kí Alexander ọba Rọ́ṣíà kọ lẹ́tà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Lẹ́tà ò dé. October 19 ló tó dìde, ìgbà yẹn òtútù ti ń bọ̀, ẹṣin ò rí koríko jẹ, ọ̀nà tí wọ́n gbà wá tí wọ́n ti jẹ run yẹn náà ni wọ́n tún gbà padà. Àwọn tó délé ò tó nǹkan rárá. Daddy wá wojú mi, ó ní, "Òtútù wo ló pa wọ́n? Lẹ́tà ló pa wọ́n. Bí ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí ṣe máa ń tẹjú mọ́ fóònù tẹ́ ẹ bá ń retí álẹ́ẹ̀tì."

Ìwé kejì wọ́n, 4,000, kò gbà kí n san 3,800 pàápàá. Ìwé ogun abẹ́lé wa ni, inú páálí TÓ DÚRÓ JÙ yìí náà ló wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ọ̀nà Benin, ẹ mọ Ore dáadáa, ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá máa ń yà sí ká lè lọ tọ̀ ká sì ra ìrẹsì olówó gọbọi. "Ó le kú, ìjà Ore", tí NEPA bá mú iná nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ la máa ń pariwo ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀ pé ìjà kan wà ní tòótọ́. August 9, 1967 ni àwọn sójà Biafra gba orí afárá Odò Ọya wọ Mid-West, ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ò ṣú tí Benin fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọmọ Yorùbá ló ṣáájú wọn, Victor Banjo. Ọ̀nà Èkó wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ fojú inú wò ó o, kìlómítà bíi 300 péré, àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ apá Nsukka àti Bonny ni púpọ̀ nínú wọn wà, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé. Èkó níbí o, Surulere, Yaba, ibi tí mo jókòó sí yìí. Kí ni Banjo wá ṣe? Ó dúró sí Benin. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ń to ìjọba, wọ́n ní ó ń ránṣẹ́ wá sílé náà, ó ń wá àwọn tó máa bá a dá sí i. Nígbà tí wọ́n fi máa rìn dé Ore, àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ ti tò sílẹ̀ dè wọ́n. September 20, ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà. September 22, Ojukwu olórí Biafra ní kí wọ́n yìnbọn pa Banjo àti àwọn mẹ́ta míì ní Enugu, ó ní wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ òun. October 4, Enugu náà bọ́. Láàárín oṣù méjì, àwọn tó ń lé èèyàn bọ̀ ló di ẹni tí wọ́n ń lé.

Ibí yìí nìjà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Daddy ní ẹ̀bi Banjo ni, ó ní ọjọ́ kan tí wọ́n fi pẹ́ ní Benin ju ìbọn 1,000 lọ. Mo ní Daddy, ẹ má bínú, ẹ̀bi Ojukwu lẹ ò rí yẹn. Ojukwu, ọkùnrin tó jẹ́ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n lẹ ti yọ ọ́, tẹ́ ẹ mọ̀ pé kò nígbàgbọ́ nínú pínpín Nàìjíríà, tí èrò tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín látilẹ̀, ẹ wá kó ọmọ ogun tó yẹ kó gba Èkó lé e lọ́wọ́. Ṣé ẹni téèyàn ò fọkàn tán lèèyàn ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún? Dídúró tó dúró yẹn, èso ni, gbòǹgbò ẹ̀ wà ní Enugu. Daddy ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ páálí wo ni kóun gbé e sí. Mo ní ìyẹn ò kàn mí, ẹ̀yin lẹ ní páálí. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì dá sí i, ó ní kí àwa méjèèjì dákẹ́, ó ní òun wà láyé nígbà ogun yẹn, ohun tóun rántí ni pé wọ́n ní kí wọ́n máa pa àtùpà lálẹ́. Ọ̀rọ̀ pa wá lẹ́nu mọ́.

Kí n tún sọ, kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ó fi ti ìhà kejì náà síbẹ̀. Nínú WỌ́N SỌ FÚN UN, ó ṣí ibi tí Murtala Muhammed, ọ̀gá sójà ìjọba àpapọ̀, ti fẹ́ sọdá odò láti Asaba lọ sí Onitsha ní October 1967 hàn mí, àwọn Biafra ti já afárá, Èkó ní kó gba òkè, kó gba Idah níbi tí odò ti wà lọ́wọ́ àwọn ará wọn, ó kọ̀, ó ní ibẹ̀ yẹn náà lòun máa gbà. Ó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, odò kún fún òkú. Ìgbẹ̀yìn náà, Idah yẹn ló padà lọ gbà, ó di March 1968 kó tó wọ Onitsha.

Ìjà kejì, ẹ ẹ̀ ní gbà mí gbọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn ló fà á. Mo nawọ́ sínú Ọ̀TÁ PỌ̀ JÙ, mo rò pé Hitler ni màá bá lókè, torí ìyẹn lẹni tí gbogbo ayé mọ̀: kò tíì rí ti Britain yanjú, ó kó èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta wọ Rọ́ṣíà ní June 22, 1941, nígbà tó sì di December 11 ọdún yẹn tí òtútù ti mú àwọn èèyàn ẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá Mọ́síkò, ó tún kéde ogun fún Amẹ́ríkà. Àlàyé ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àṣé ẹni tó wà lókè pátápátá ni Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, ọmọ Ìbàdàn ni. Ìbàdàn mesi Ọ̀gọ̀. Ara mi ti gbóná.

Bí Daddy ṣe sọ ọ́ nìyí, mi ò sì lè bá a jiyàn lórí ìtàn, orí ìdájọ́ ni mo ti bá a jà. Ìbàdàn ló ń pàṣẹ nílẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nígbà yẹn, ajẹ́lẹ̀ wọn wà káàkiri, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń kó ẹrú. 1877, Látòósà bá àwọn Ẹ̀gbá jà lórí ọ̀nà òkun, Ìjẹ̀bú náà ò sì sí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ti Ìjẹ̀bú ló wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó, ibẹ̀ ni ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà kọjá. Ìyẹn ò tíì parí, 1878 dé, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, wọ́n di Èkìtìparapọ̀, Ìlọrin bá wọn dá sí i, Ifẹ̀ náà gbẹ́yìn bá wọn dìde. Ìbàdàn ń jà lójú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wá dùn mọ́ Daddy nínú jù ni ti ìbọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó ńbí ló dáwó, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń kì láti ẹ̀yìn, wọ́n gba ọ̀nà Oǹdó kó o lọ fún Ògèdèǹgbé tó ń ṣáájú ogun wọn. Ìró ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Àwọn Ìbàdàn, ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú wọn dì mú, ọ̀nà tí ìbọn tuntun lè gbà wá sì nìyẹn, àwọn ọ̀tá tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá ló jókòó sórí ẹ̀. 1885 ni Látòósà kú sí ibùdó ogun, kò padà délé. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní September 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí gbogbo wọn tó tú ká.

Mo ní Daddy, ẹnikẹ́ni ò wọ Ìbàdàn, Ìbàdàn ò fọ́, ṣé irú ìyẹn náà là ń pè ní kí wọ́n ṣẹ́gun èèyàn? Bàbá yìí yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ọdún 16 ni wọ́n fi jà kí ohun tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ má bọ́, ó sì bọ́. Kí lo fẹ́ ká pè é?" Inú bí mi, mo ra bọ̀ọ̀lì, mo fún un ní ìdajì.

Nígbà tí inú mi rọ̀ ni mo wá sọ ohun tí mo rò pé ó máa gba ìwé ọ̀fẹ́ fún mi. Mo ní ẹ wò ó, gbogbo àwọn tẹ́ ẹ kó sínú páálí yìí, wọ́n ń ṣẹ́gun lọ́wọ́ ni kí wọ́n tó ṣe é. Napoleon ń ṣẹ́gun, Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ Faransé, Banjo fi ọjọ́ kan gba Benin, Látòósà kò rí ẹni bá a dọ́gba. Ẹni tó ń pàdánù máa ń fetí sílẹ̀, ó máa ń ka owó ọwọ́ ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń jẹ ló ń gbàgbé pé nǹkan ń tán. Ìkarùn-ún nìyẹn, "TÓ Ń ṢẸ́GUN LỌ́WỌ́". Ẹ mú ìwé mi wá.

Daddy rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe páálí. Tábìlì tí mo gbé páálí lé nìyẹn." Mi ò rí ìwé gbà.

Láti fi hàn mí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣẹ́gun lọ́wọ́, ó ta mí ní ìwé pẹlẹbẹ kan ní 700, lórí Èkó ayé àtijọ́. Èyí ni mo gbádùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí gbogbo ibi tó ń sọ ni mo mọ̀. Akítóyè jọba Èkó ní 1841, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Kòsọ́kọ́ ti wà lójú oyè náà tẹ́lẹ̀, ó sì ti sá kúrò nílùú. Akítóyè ní ẹbí ni ẹbí ń jẹ́, ó ránṣẹ́ pè é padà wálé, ó tún fi í joyè. Ẹlẹ́tù Òdìbò, ìjòyè àfọbajẹ, kìlọ̀ kìlọ̀, kò gbà, Ẹlẹ́tù bínú gba Àgbádárìgì lọ. 1845, Kòsọ́kọ́ gbé ogun dìde nínú Èkó níbí, Ogun Olómìró, ó lé Akítóyè kúrò lórí oyè. Akítóyè wá lọ bá àwọn òyìnbó, ó ní tí wọ́n bá dá òun padà òun máa fòpin sí òwò ẹrú. Òyìnbó kọ́kọ́ wá ní November 1851, wọ́n kó èèyàn díẹ̀ dání bí ẹni ń lọ síbi ìkómọjáde, àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Wọ́n tún padà wá lẹ́yìn Kérésìmesì, December 26, ìyẹn Ogun Àgídìǹgbì, àgbá ń dún, ilé ń jó, Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ní wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀wé, Èkó di ti ọbabìnrin. Ẹni tó kàn ṣàánú ìbátan ẹ̀ o! Daddy ní ṣé Akítóyè ń ṣẹ́gun lọ́wọ́ ni nígbà yẹn? Mo ní rárá sà. Ó ní kí n jókòó.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n bọ́ sórí àléébù torí n kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀.

Ìwé kẹrin. Inú KÒ PARÍ Ẹ̀ ni mo ti mú un, 1,800, ogun Japan àti Amẹ́ríkà lórí òkun. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, December 7, 1941, Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n ba ọkọ̀ ogun jẹ́, àmọ́ àwọn ọkọ̀ tó ń gbé bàálù ò sí nílé lọ́jọ́ náà, Nagumo tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ará Japan sì ní kí wọ́n máa lọ láìfọwọ́ kan àwọn táǹkì epo àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ ò rí i, o jó ilé èèyàn, o fi kànga àti ilé ìdáná sílẹ̀ fún un. Mo ń ka ìwé yìí lọ ní alẹ́, ẹnu ń yà mí, mo dé June 1942, Midway, Nagumo yìí kan náà ni, bó ṣe kù díẹ̀ kí ìjà bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo ṣí ojú ìwé 210, èyí tó kàn, 231. Wọ́n ti ya ogún ojú ìwé dànù, ìdí ogun gan-an! Mo padà lọ bá Daddy láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìbínú. Ẹ mọ nǹkan tó sọ? Ó ní "ìdí nìyí tó fi jẹ́ 1,800." Kò dá owó padà, kò sì pààrọ̀ ẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kí n jókòó, ó fẹnu sọ ogún ojú ìwé yẹn fún mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí Nagumo ṣe ní kí wọ́n yọ ohun ìjà tó wà fún ọkọ̀ ojú omi kúrò lára bàálù kí wọ́n gbé bọ́ǹbù tó wà fún orí ilẹ̀ sí i, bó ṣe tún ní kí wọ́n yọ ìyẹn kí wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà nígbà tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n rí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, bí bọ́ǹbù àti epo ṣe kún inú ọkọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí bàálù àwọn ará Amẹ́ríkà já lé wọn lórí. Ọkọ̀ agbébàálù mẹ́rin ni Japan pàdánù. Ká sòótọ́, ó sọ ọ́ dáadáa ju bí ìwé náà ṣe ń kọ ọ́ bọ̀ lọ, àmọ́ owó mi ṣì ń dùn mí. Ẹ ṣí ìwé yín wò kẹ́ ẹ tó sanwó o, ẹ kà á ní ojú kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó máa lé yín.

Kò gba transfer. Wọ́n ti fi álẹ́ẹ̀tì irọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, látìgbà yẹn owó ọwọ́ nìkan. POS wà ní òdì kejì títì àmọ́ wọ́n máa ń to láìnì. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ, tapólì yẹn ń jò, ó sì ti ṣẹlẹ̀ tí mo bá ìwé ogun Stalingrad tó ti wú bí ẹ̀wà. Ìwé gbogbo ló ń rùn bọ̀ọ̀lì, ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́, ó lè dí ẹlòmíì. Ọmọ tó ń bá a tajà wà tí Daddy bá lọ kírun, ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó máa ń ta ìwé bí ẹni ń ta tòmátì, èyí tó bá wú ló wọ́n, èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ kò wọ́n. Ẹ lè fìyẹn jẹ èrè tẹ́ ẹ bá gbọ́n. Daddy tún máa ń fi ìwé háyà, 300 fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi gbogbo owó ìwé náà sílẹ̀, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa Òṣómàáló.

Àléébù tó wá tóbi jù lójú tèmi ni pé bàbá yẹn ò ní jẹ́ kó o fọkàn ka nǹkan fúnra ẹ. Ìwé wo lo bá mú, á ti sọ ìparí ẹ̀ fún ẹ. Arákùnrin kan mú ìwé lórí Dunkirk ní ìṣojú mi, kò tíì ṣí i, Daddy ti ní "May 24, 1940, Hitler ní kí àwọn sójà ẹ̀ dúró, wọ́n dúró, nǹkan bí 338,000 ọ̀tá ẹ̀ wọkọ̀ lọ." Ọkùnrin náà gbé ìwé sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Mo ní Daddy, ẹ ò rí i pé ẹ̀ ń ba ọjà yín jẹ́? Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó borí nìkan, kó lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo padà lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, mo ti ń ronú ẹ̀ nínú mọ́tò, nínú báfù, ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Mo jókòó, mi ò kí i tán, mo ní Daddy, Gezo ọba Dàhòmì. 1851. Ó kó ogun bọ̀ wá bá Abẹ́òkúta, ó sì fẹ́ fòru wọ ibi tí odi ìlú ti wó. Àwọn ará Ìṣàgá pàdé ẹ̀ lọ́nà, wọ́n bá a mulẹ̀, wọ́n ní àwọn wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n wá ní kó má lọ lóru, ọ̀sán ló dáa, kó sì gba ọ̀nà Arò. Ó gbà wọ́n gbọ́. Àṣé wọ́n ti ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá, odi apá Arò ni wọ́n sì ti tún mọ. March 3, ó dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n ti tò sílẹ̀ dè é, díẹ̀ ló kù kí wọ́n mú òun alára. Kò dúró jù. Ọ̀tá kan ṣoṣo ló bá jà. Ohun tó wá ṣe, ó fẹ́ parí ẹ̀. Wọ́n sì sọ fún un, ó gbọ́, gbígbọ́ tó gbọ́ gan-an ló pa á lára. Páálí wo lẹ máa gbé e sí?

Daddy ò sọ̀rọ̀. Dánfó mẹ́ta ló kọjá. Ó wo páálí WỌ́N SỌ FÚN UN, ó wojú mi, ó tún wo páálí. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní, "Bàbá, ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ níwèé ẹ̀." Ó dìde lórí kẹ́ẹ̀gì, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i kó dìde nìyẹn, ó lọ sídìí tábìlì kejì, ó fa ìwé kan yọ, ó fi aṣọ nù ún dáadáa, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ìwé bí wọ́n ṣe ń sin adìẹ ni.

Mo kọjá níbẹ̀ lánàá. Páálí ti di márùn-ún, ti gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi ṣe ẹ̀karùn-ún, ó kọ ọ́ sí i lára, TA LÓ JÚWE Ọ̀NÀ. Kò tíì sí ìwé kankan níbẹ̀ àfi ẹyọ kan, 3,500, ó ní òun ò ní yọ kọ́bọ̀. Mo fún un ní star mẹ́rin nínú márùn-ún, ọ̀kan tó kù wà lójú ìwé 211 sí 230.